Ọdún 609 ni akọ̀wé kọ sẹ́yìn ìwé Kọ́ptì yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Abala ìkẹyìn ìwé awọ kan láti ilé mọ́ńkì àwọn Kọ́ptì, ìyẹn àwọn Kristẹni Íjíbítì, ní Fayyum ló wà nínú àwòrán tí mò ń wò. Akọ̀wé kọ oṣù Paone síbẹ̀, ó wá kọ lẹ́tà khi (600) àti theta (9), ó fa ìlà lé wọn lórí: 609 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé náà kúrò. Kí ni ègún ń wá nínú ìwé mọ́ńkì?

Onímọ̀ọ́kà

Ẹ ò ṣi nọ́ńbà náà kà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún ló yàtọ̀. Láti ìgbà tí Diocletian, olú ọba Róòmù, gorí oyè ní 284 ni àwọn Kọ́ptì ti ń kà á, wọ́n ń pè é ní Ọdún Àwọn Ajẹ́rìíkú. Ọjọ́ kìíní Thout, oṣù àkọ́kọ́ wọn, bọ́ sí 29 August nínú kàlẹ́ńdà Julian. Láti Thout dé òpin Koiahk, oṣù kẹrin, ẹ fi 283 kún un. Láti Mshir, oṣù kẹfà, lọ, 284. Tobe, oṣù karùn-ún, ló máa ń da èèyàn láàmú, torí nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú December. Paone ni oṣù kẹwàá, nítorí náà 609 + 284 = 893. Àwọn akọ̀wé kan máa ń fi ọdún Hijra, ti àwọn Mùsùlùmí, tì í. Bí ẹ bá rí i, 280 ló yẹ kó jẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà tún lẹ́tà yẹn wò.

Ọmọ Ìwé Àtijọ́

Ìwé náà kì í ṣe ti mọ́ńkì kankan. Ẹnì kan ló sanwó rẹ̀, tó fi ta ilé náà lọ́rẹ kí wọ́n lè máa rántí òun nínú àdúrà. Bí ìwé bá lọ, ìrántí bá a lọ. Ègún wà fún ìyẹn.

Ìtọ́jú ìwé ti le láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìlànà tí Pachomius, olórí mọ́ńkì ní Íjíbítì, fi lélẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì rẹ̀, tí Jerome túmọ̀ sí Látìnì ní 404, ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò lọ bá olùkọ́ ní wákàtí kìíní, ìkẹta àti ìkẹfà ọjọ́. Ó kéré tán, kó mọ Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù. Inú ihò ara ògiri ni ìwé ń gbé. Igbákejì olórí ilé ni í kà wọ́n nírọ̀lẹ́, tí í sì tì wọ́n mọ́bẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sádùúrà tàbí ìdí oúnjẹ kó fi ìwé sílẹ̀ láìdè é. Ẹni tó bá mọ bí awọ ṣe ń ká kò nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà á mọ̀ pé ìlànà yẹn lọ́gbọ́n nínú.

Atobala

Ẹ dúpẹ́ pé abala ìkẹyìn wà. Àwọn ìwé tí wọ́n rí ní Hamuli, ní Fayyum yẹn náà, wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú kòtò olókùúta títí di 1910. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Morgan Library, New York, báyìí. Ti Ilé Mọ́ńkì Funfun nítòsí Sohag, ilé tí Shenoute ṣe olórí rẹ̀, dunni gan-an: wọ́n tú u ya, àwọn abala ìwé kan náà sì lè wà káàkiri ní Paris, Naples àti Vienna.

Láti tò ó padà, ẹ wo ọwọ́ akọ̀wé, iye ìlà, àti nọ́ńbà igun òkè. Ìdì kan sábà máa ń jẹ́ awọ mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì: abala 8, ojú ìwé 16. Ojú irun (ẹ̀gbẹ́ awọ tí irun ti hù) a máa kọjú sí ojú irun, ojú ẹran (ẹ̀gbẹ́ inú) sí ojú ẹran. Bí ojú irun bá kọjú sí ojú ẹran, ó ṣeé ṣe kí abala kan ti sọnù láàárín wọn. Ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣe é o. Akọ̀wé a máa fo nọ́ńbà, a sì máa kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.