Gíà àlòkù 700R4 fún Chevrolet àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Chevrolet 1969 mi ń lo TH350, gíà mẹ́ta péré. Tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Mo rí 700R4 àlòkù kan, tó ní gíà mẹ́rin, àmọ́ ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná. Ṣé kí n rà á?

— Kílọ́ọ̀ṣì ló jó yẹn. Owó irin lásán ni kẹ́ ẹ san. Ẹ kọ́kọ́ tú páànù ọ́ìlì rẹ̀: eruku dúdú díẹ̀ kò burú, àmọ́ tí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán níbẹ̀, ẹ sá.

— Èmi fọwọ́ ara mi tún tèmi ṣe. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun, rọ́bà tuntun, ni mo bá gbàgbé láti fa wáyà TV (throttle valve) le, èyí tó so gíà mọ́ kabúrétọ̀. Ó dẹ̀, ọ́ìlì ò ní agbára tó, kílọ́ọ̀ṣì tuntun di èédú. (Ìyàwó mi ṣì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.) 700R4 tún fi nǹkan bí íǹṣì 3 gùn ju TH350 lọ, ẹ óò gé pùrọ̀pẹ́là. Ṣùgbọ́n gíà kẹrin yẹn, 0.70 (ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 0.70 péré tí pùrọ̀pẹ́là bá yí lẹ́ẹ̀kan), ẹ́ńjìnnì á fọkàn balẹ̀!

— Ẹ ṣé gan-an. Mo tú páànù, eruku nìkan ni. Mo ti gbé e wálé.