Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè wọn ọ̀dá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Odògbolú:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Mò ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà lórí ewu ọ̀dá fún àwọn àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ àti àdá ṣiṣẹ́ lórí éékà kan sí mẹ́ta, àti ohun tó lè jẹ́ kí oko wọn dúró nígbà tí òjò bá ṣe ségesège. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ nìyí: àkọsílẹ̀ ibùdó ojú ọjọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde fi hàn pé òjò wa sábà máa ń tó 1,500 mìlímítà lọ́dún. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó, ó ní, "Kí ni ọ̀dá ń wá níbí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti Ìṣarà, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ ni pé àgbàdo jóná mọ́ wọn lójú. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́. Kí ni kí n máa wọ̀n? Báwo ni kí n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kí ìdáhùn wọn lè wúlò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àgbàdo kì í mu òjò ọdún. Òjò ọ̀sẹ̀ tí ó nílò rẹ̀ ló ń mu. Ní òpin oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ á rin, gbogbo wa á sáré gbìn. Lẹ́yìn náà oòrùn á dé, òjò á sá fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án gangan, wàá rí ewé àgbàdo tó ká bí ẹní. Bó bá tú ní ìrọ̀lẹ́, ìrètí ṣì wà. Bó bá ṣì ká ní ìdájí, kí ìrì tó gbẹ, ọ̀ràn ti wọ̀ ọ́ lára. À ń tún un gbìn, irúgbìn àkọ́kọ́ ti ṣòfò, owó alágbàṣe náà ti lọ. Kò sí èyí tó hàn nínú 1,500 rẹ yẹn.

Ìgbà kejì tó burú jù ni ìgbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá ń yọ tí irun orí ọmọ rẹ̀ sì ń jáde. Bí omi bá wọ́n nígbà náà, igi àgbàdo á ga, ewé á tutù, ṣùgbọ́n tí o bá bó o, hóró rẹ̀ á fọ́n ká bí eyín arúgbó. Nítorí náà, má bi mí pé "ṣé ọ̀dá dá lọ́dún yẹn?" Bi mí pé ọjọ́ wo ni mo gbìn ín, ọjọ́ wo ni òjò dúró, báwo ni àgbàdo ṣe ga tó nígbà náà.

Nípa irúgbìn, ibùdó IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí. Láti ọdún 2007 ni IITA àti CIMMYT, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àgbàdo àti àlìkámà, ti jọ gbé iṣẹ́ àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá kalẹ̀ ní Áfríkà. Irú tó ń gbó ní nǹkan bí 90 ọjọ́ ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àgàgà fún òjò àrọ̀kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní hybrid, ìyẹn irú tí wọ́n fi oríṣi àgbàdo tó yàtọ̀ síra bí papọ̀, a kì í tọ́jú rẹ̀ gbìn lọ́dún kejì. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ bóyá wọ́n rówó rà á lọ́dọọdún.

Oníṣirò Ojú Ọjọ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àbúrò mi, àwọn ọjọ́ gbígbẹ inú àsìkò òjò ni kí o kà. Wo ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ọjọ́ tó parí, àti iye ọjọ́ tí òjò kò fi rọ̀ láàárín. Ìlànà kan tí wọ́n ti ń lò ní Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, ni pé òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá rọ̀ tó 20 mìlímítà láàárín ọjọ́ 3, tí ọjọ́ 7 kò sì kọjá láìsí òjò láàárín ọjọ́ 30 tó tẹ̀ lé e. Tiwa kì í ṣe Sahel, nítorí náà dán an wò pẹ̀lú ohun tí àwọn àgbẹ̀ sọ, kí o sì ṣàtúnṣe rẹ̀.

SPI, ìwọ̀n tó ń fi nọ́ńbà sọ bí òjò ṣe pọ̀ tàbí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, tí onímọ̀ ojú ọjọ́ McKee àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Colorado ní 1993, náà wúlò. Ó ń fi òjò oṣù kan tàbí àpapọ̀ oṣù mélòó kan wé ohun tó wọ́pọ̀ ní ibi náà fún ọdún 30 ó kéré tán. Má ṣe é ní oṣù 12, torí àpapọ̀ ọdún á tún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù 1 tàbí 3 ni kí o lò. Bó bá wálẹ̀ kọjá −1, ó ti gbẹ. Bó bá kọjá −2, ọ̀dá líle ni. Fún ibi tí kò sí ibùdó, àkọsílẹ̀ òjò láti sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní CHIRPS wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1981, ó sì ń wo ilẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 5 sí 5. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló fi ń ṣèṣirò kí wọ́n tó pín in sí ojúmọ́. Fún kíka ọjọ́ gbígbẹ, àkọsílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé jù. Kí o sì máa wo àsọtẹ́lẹ̀ àsìkò tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n ń sọ bí August break, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ṣe máa gùn tó nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru:
Kí ni ìwé púpọ̀ yìí fún? Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni a nílò. Ẹ fún wa ní pọ́ǹpù, a ó ṣe àkùrọ̀ gbin ẹ̀fọ́.

Ìyá Ẹlẹ́gàárì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Pọ́ǹpù dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ni etí odò? Àwọn Àgàtú àti Ègùn tó ń dáko lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tí wọ́n yá ni. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga síbẹ̀, onílẹ̀ lè gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi ìyẹn sínú ìwádìí.

Ìwọ Akẹ́kọ̀ọ́, má gbàgbé ẹ̀gẹ́. Ọ̀dá kì í tètè pa á, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé jẹun. Àní ẹ̀gẹ́ tí a wú nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń gbé gàárì jáde dáadáa. Tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ tó ń hu ewé tuntun, ara rẹ̀ á di omi. Ìyà ibẹ̀ ni wíwú rẹ̀: ilẹ̀ á le bí òkúta, bí o bá fà á, orí á wá, ìdí á kù sínú ilẹ̀. Owó alágbàṣe á gbéra. Àwa obìnrin tún gbọ́dọ̀ rí omi fi fọ̀ ọ́, odò sì ti fà. Bá àwa obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, má jẹ́ kí baálé ilé dáhùn fún wa.

Olùkọ́ Ṣágámù:
Mo gbà pẹ̀lú Ìyá. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ìrántí. Má bi àgbà pé "ọdún wo?" Bi wọ́n pé ṣáájú Agẹmọ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ọdún kónílé-ó-gbélé Kòrónà ni, ta ni wọ́n bí lọ́dún náà. Àwọn tó ti dàgbà lè bẹ̀rẹ̀ láti 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ibi ní ìwọ̀ oòrùn Áfríkà, tí iná sì jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Ghana. Lẹ́yìn náà kí o wá fi ìdáhùn wọn wé àkọsílẹ̀ òjò. Má sì ṣèlérí ajílẹ̀ tàbí owó fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí abúlé tí àwọn oníwèé ìbéèrè ti wá, tí wọn kò padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ìwà yẹn burú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Odògbolú:
Ẹ ṣeun gan-an, orí mi ti là. Mo ti pinnu: ọjọ́ gbígbẹ nínú àsìkò òjò ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ mi, màá to ó mọ́ ọjọ́ tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbìn, màá sì bá àwọn obìnrin àti àwọn tó yá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Màá kó àbájáde padà wá sí abúlé kí oṣù Kẹta tó dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń ronú ohun tí wọn yóò gbìn. Ẹ̀gbọ́n Ìpẹru, màá fi ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ àti pọ́ǹpù kún un, pẹ̀lú ẹni tó ni ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé ike ìwọ̀n òjò sí abúlé mélòó kan. Ta ló lè bá mi wò ó láràárọ̀?

Oníṣirò Ojú Ọjọ́:
Aago 9 àárọ̀ lójoojúmọ́, kó má yí padà. Bí òjò kò bá rọ̀, kí wọ́n kọ òdo. Àyè tó ṣófo kì í ṣe òdo.

Ìyá Ẹlẹ́gàárì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Gbé ọ̀kan wá fún mi. Àgbàlá tí mo ti ń sá ẹ̀gẹ́ ṣí sílẹ̀ dáadáa, kò sí igi ọ̀pẹ kankan nítòsí tó lè dà á láàmú. Èmi ni màá máa kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ owó gàárì.