Àbọ̀ rèé lórí ìtàn Màmá Tíṣà

Mo béèrè bí a ṣe lè kó ìtàn Màmá wa jọ fún ìrántí rẹ̀: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì l'Òṣogbo, tó ń kọ́ ọmọ àwọn ọlọ́jà l'Ọjà-Ọba níwèé lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹni tó ní ká fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́ sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, "Kí ni Màmá kọ́ ọ tí o ò gbàgbé?", ló yanjú ẹ̀. Ohùn mọ́kànlélógún ló dé. Alátà kan ṣì tọ́jú síléètì tí Màmá fún un. Etí ẹ̀ ti sán, ó fi àǹkárá wé e. Omi bọ́ lójú mi.

Fọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan la ṣì ń wá. Ẹ ṣeun o.