Ọkọ mi kó gbogbo ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi sórí àjà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, inú ló ń bí mi.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni mo ti ń ránṣọ. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà. Ìgbádùn kan ṣoṣo tí mo ní láyé mi ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Tí mo bá wẹ̀ tán lálẹ́, màá gun bẹ́ẹ̀dì, màá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, màá ka ojú ewé mẹ́wàá, bóyá ogún, ó tán. Mi ò fẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn láti ojú ewé kìíní. Èyí tí ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ èèyàn bíi tèmi ni mo ń wá, ẹni tó ń ná ọjà, tó jẹ gbèsè, tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò ní ìbọn, ṣùgbọ́n tí kò ní gbà kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ní Sátidé, mo dúró ti ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. ₦2,500 ló pe ìwé kan, mo ná an títí ẹnu wa fi kò ní ₦1,800. Mo délé, mo ṣí i wò lẹ́yìn, ojú ewé mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ti já! Ìwé tó yẹ kó sọ ẹni tó ṣe é fún mi! Mo padà lọ bá a, ó ní òun ò mọ̀ mí rí.

Àfi bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ Ajé tí mi ò bá ìwé kankan lórí pẹ́pẹ́ mọ́. Méjìdínlógún ni wọ́n. Bàbá Ìbejì ti dì wọ́n sínú àpò ìrẹsì, ó so ó lẹ́nu, ó gbé e sórí àjà. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ò fẹ́ ìwé apànìyàn nínú yàrá òun mọ́. Ọdún kọkànlá tá a ti fẹ́ra nìyí, kò bá mi jà nítorí ìwé rí. Ìyá rẹ̀ tún dá sí i, wọ́n ní ìwé ló ń gba oorun lójú ọmọ àwọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Rónkẹ́ Mọ́kọ́lá:
Ìyá Ìbejì, ẹ kúnlẹ̀ bẹ ọkọ yín, ó parí. Bàbá Rónkẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ ohùn rédíò lálẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ tèmi ní kíṣìnnì, mo gbé e ti ìkòkò omi, mo tẹ etí mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ. Nígbà tí bàbá wá ṣaláìsí, tí mo lè yí i sókè bó ṣe wù mí, kò dùn gbọ́ mọ́.

Lékè Sángo:
Kúnlẹ̀ kẹ̀? Ṣé ó jí nǹkan ni? Ẹ gun àkàbà, ẹ kó ìwé yín. Irọ́ ni pẹ́pẹ́ ń pa, àjà ló lẹrù! Ẹ ò ṣe kúkú ka *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969? Lápàdé tó ń wádìí ọ̀ràn nínú ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́.

Tíṣà Àgbà:
Lékè, ka ìbéèrè kí o tó dáhùn. Lápàdé ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ó mọ ìjà í jà. Akin Olúṣínà inú ìwé Kọ́lá Akínlàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an niṣẹ́ ẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ aránṣọ. Ìyá Ìbejì, ẹ wá Miss Marple tí Agatha Christie kọ, ìyá arúgbó tó ń hun wúlù lábúlé, ìwé ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1930. Tàbí Precious Ramotswe, tí Alexander McCall Smith bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní 1998. Ará Botswana ni, ó ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi owó ẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó sanra, ó ń mu tíì, ó ń wa ọkọ̀ funfun kékeré kan káàkiri. Mo ní i nílé ní Bódìjà.

Lékè Sángo:
Bàbá, ẹni tó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá, tí kò ní ìjọba lẹ́yìn mọ́, ṣé kì í ṣe ará ìlú bíi tiwa nìyẹn?

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti ka Lápàdé, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bíi ti Lápàdé láéláé. Ìyá àgbà Marple yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Ìyá Rónkẹ́, ẹ má bínú, mi ò ní kúnlẹ̀. Owó mi ni mo fi rà wọ́n.

Títí Nọ́ọ̀sì:
Àǹtí, ẹ ní ọkọ yín ò bá yín jà nítorí ìwé rí láti ọdún kọkànlá, oṣù Kọkànlá tó kọjá lẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà?

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Lékè, àjà yẹn ga, kò sí àkàbà nílé wa.

Títí Nọ́ọ̀sì:
Àǹtí, ẹ dá mi lóhùn.

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Ó dáa. Bàbá Ìbejì ń ti Èkó bọ̀ lóṣù Kọkànlá, wọ́n dá ọkọ̀ wọn lọ́nà ní márosẹ̀, wọ́n kó wọn wọgbó. Ọjọ́ mẹ́rin. A tọrọ, a yá, a san owó náà. Kò tíì sọ ohun tójú ẹ̀ rí fún mi dòní. Rélùwéè Mọ́níyà ló ń wọ̀ lọ sí Èkó báyìí.

Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mo kàn jókòó ti fóònù ni. Ará ilé wa kan gbé ìwé kan sílẹ̀ lórí àga, mo gbé e. Ìyá arúgbó kan ló ń hun wúlù níbẹ̀, tó ń ronú, tó sì rí ohun tí ọlọ́pàá ò rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé eré ni mo ń fi ìwé ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo dé ibi tí ẹnì kan ti ń kanlẹ̀kùn lóru. “Yéè!” bọ́ lẹ́nu mi. Ó ta gìrì sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ méjèèjì lórí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó fara pa, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tàn án sí mi lójú.” Èmi ló ń pè ní sà.

Ìyá Rónkẹ́ Mọ́kọ́lá:
Háà. Ọmọ mi, dárí jì mí. Ẹ má kúnlẹ̀ o.

Lékè Sángo:
Ẹ má gun àkàbà kankan.

Títí Nọ́ọ̀sì:
Àǹtí, mo rò pé tọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń dá a padà sínú igbó, kì í ṣe ìwé. Ẹ má tàn án ní yàrá mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ ti máa kàwé, lójú ọ̀sán. Ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn UCH, àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú ẹ̀ wà níbẹ̀. Kì í ṣe wèrè o, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ̀ náà.

Lékè Sángo:
Bàbá, ẹ rántí pé wọ́n jí ọmọkùnrin kan gbé nínú ìwé Ramotswe àkọ́kọ́.

Tíṣà Àgbà:
Lékè! Ẹni tí kò tíì kà á lò ń tú u fún?

Lékè Sángo:
Ṣé kó wá lọ bá a níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀?

Tíṣà Àgbà:
Òótọ́ lo sọ. Mo ti gbàgbé. Ìyá Ìbejì, màá wá òmíràn fún yín.

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà padà wálé?

Tíṣà Àgbà:
Ó padà wálé. Obìnrin yẹn ló lọ mú un wá.

Abẹ̀kẹ́ Aránṣọ:
Ẹ bá mi fi í sílẹ̀, sà. Màá wá gbà á ní Bódìjà lọ́jọ́ Ẹtì.