Bí èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi ṣe ń kàwé pọ̀ lálẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi lórí bí òbí ṣe lè máa bá ọmọ kàwé nílé, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Káfíńtà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákìé. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Oríkì wọn ni n ó máa pè: Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Àníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùn-ún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì mi kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ti Yorùbá, mo lè kà á látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má sú mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá ẹgbẹ́ mi pé, "Ìyá wọn ló ń bá wọn ṣe ìyẹn, èmi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀." Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá ti lè ka Yorùbá, tó sì lè fìdí jókòó, kí ló tún kù?

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ wọ kíláàsì kìíní, ilé ìwé tó ń lọ nígbà náà kọ lẹ́tà sí gbogbo òbí pé ká má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́ nílé. Ọmọ tó bá sì sọ ọ́ nínú ọgbà wọn, yóò san owó ìtanràn. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń mi orí. Tí mo bá bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, á wo ilẹ̀. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ara ọmọ náà kò yá.

Oníbàárà mi kan ló là mí lójú. Olùkọ́ ni ní Yunifásítì Ládòkè Akíǹtọ́lá, ó wá gbé iṣẹ́ àpótí ìwé fún mi. Bó ṣe dúró tó ń wo pákó, ó gbọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ó kà á já geere. Ọkùnrin náà wá bi í ní Yorùbá pé, "Àbúrò, kí ni wọ́n sọ níbi tó o kà tán yẹn?" Kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì dé ọkàn rẹ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ló sọ fún mi nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Ó ní lọ́dún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré, tí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ títí wọ́n fi jáde. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé délẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, tó fi dé orí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ayọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ń padà sílé, mo ya ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pàtẹ ìwé, mo ra ìwé àlọ́ Ìjàpá pẹlẹbẹ kan tó ní àwòrán. Láti ìgbà náà, tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí iná bá wà, ó dáa. Bí wọ́n bá ti mú un lọ, a ó tan iná sólà kékeré tí ìyá wọn máa ń gbé lọ sọ́jà. Àbẹ̀kẹ́ á jókòó lápá ọ̀tún mi, Àníkẹ́ á jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ìwé. Màmá Àgbà á wà lórí àga, á ní òun ò gbọ́ nǹkan tí à ń sọ, bẹ́ẹ̀ òun náà ló máa kọ́kọ́ dáhùn "Ààlọ̀!"

Mi ò kì í sáré kà á. Tí mo bá dé ibi tí nǹkan ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, mo máa dúró, màá bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò pé Ìjàpá máa ṣe báyìí?" Àbẹ̀kẹ́ a máa rò ó kó tó sọ̀rọ̀. Àníkẹ́ ní tiẹ̀, kì í dúró kí wọ́n bi òun. Ìwé kan náà ni a sì máa ń kà lákàtúnkà títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n lórí. Àgbàlagbà ni àkàtúnkà máa ń sú. Ọmọdé ń wá nǹkan míì níbẹ̀ nígbà gbogbo ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ kan. Ibi tí ìyàn mú ní ìlú ni a kà dé, Ìjàpá rí oúnjẹ, ó fi pamọ́, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ ṣí ojú ìwé tó kàn. Àníkẹ́ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi bo ìwé mọ́lẹ̀.

"Dádì, ẹ dúró. Yánníbo ńkọ́? Ṣé Yánníbo ti jẹun?"

Mo ní ìwé kò sọ ọ́. Ó ní, "Kò tíì jẹun. Ebi ń pa á, kò sì lè sọ." Mo bi í pé kí ló dé tí kò lè sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìrù Ìjàpá nínú àwòrán. Ó wá ní, "Torí ó máa ní òun máa na Yánníbo tó bá sọ."

Mi ò ṣí ìwé náà mọ́. Màmá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó tì wá lórí ẹní. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jáde: ọmọ kan tó dàgbà jù ú lọ ní ilé ìwé ló ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ, ó sì ti dẹ́rù bà á pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ti ń ṣàkíyèsí pé ebi a máa pa á púpọ̀ tó bá dé, ó ti bi í léèrè títí, èsì kan náà ló ń fún un: "Mo jẹ ẹ́ tán." Ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ lọ bá olùkọ́ wọn, obìnrin náà sì bá wa yanjú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, láìdójú ti ọmọ kankan.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ dá yín dúró tí ẹ bá ń kàwé fún un. Àwọn kan á ní, "Ṣé o ò ní jẹ́ kí n kà á tán ni?" Ẹ má kà á tán. Ọmọ tí ẹ bi léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè sá, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Yánníbo, á sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọbìnrin ni wọ́n, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ tó ju ti oúnjẹ lọ yóò wà lọ́kàn wọn. Mo fẹ́ kó ti mọ́ wọn lára pé bàbá àwọn máa ń dúró gbọ́.

Ẹ má sì fi ìwé kíkà jẹ ọmọ níyà. Mo ń rí i ládùúgbò: ọmọ ṣẹ̀, wọ́n á ní, "Ó yá, lọ gbé ìwé ẹ." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ìwé?

Ti àmì ohùn gba wàhálà díẹ̀. Ábídí Yorùbá kò le, lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n náà ni, Àbẹ̀kẹ́ sì tètè mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àmì orí wọn ń rú u lójú, gbogbo rẹ̀ ló ń kà ní ohùn kan. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wá wúlò níbẹ̀. Mo gé àjákù pákó àfàrà sí mẹ́ta, ọ̀kan gùn, ọ̀kan mọ níwọ̀n, ọ̀kan kúrú. Mo tò wọ́n sórí okùn méjì kí wọ́n lè dún dáadáa. Tí a bá fi èèkù hámà kan èyí tó gùn, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun ni dò. Èyí tó mọ níwọ̀n ni re, èyí tó kúrú ni mí, torí bí pákó bá ṣe kúrú sí ni ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sí. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lù. Àníkẹ́: dò mí mí. Àbẹ̀kẹ́: dò dò mí. Ó kan Ìjàpá, òun náà tún jẹ́ dò dò mí! Àníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé orin Ìjàpá àti ti ẹ̀gbọ́n òun dọ́gba. Àbẹ̀kẹ́ bínú títí a fi lu òmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gbàgbé àmì orí orúkọ rẹ̀ mọ́, kò sì pẹ́ tó fi ń fẹnu lu ohùn àwọn ọ̀rọ̀ tuntun fúnra rẹ̀ kó tó kà wọ́n.

Ìwé tó wọ̀ wọ́n lára jù lọ kì í ṣe èyí tí mo rà. Àwa la ṣe é. Màmá Àgbà ń sọ ìtàn Ògúnlọlá fún wọn lálẹ́ kan, ọdẹ tó tẹ ìlú wa dó. Ó ní abẹ́ igi àjàgbọn ló ń gbé, pé ó rí èéfín lókèèrè tó fi mọ̀ pé àwọn ọdẹ míì wà nítòsí. Ó sọ bó ṣe pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Bí mo ṣe rò pé ibẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù, Àníkẹ́ bi Màmá Àgbà pé, "Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kí lòun ń ṣe?"

Màmá Àgbà ní, "Àníkẹ́ ọmọ mi, òun ló ń fi ọkà bàbà pọn ọtí. Tí àwọn ọdẹ bá ti oko dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹ ẹ̀wà, tí wọ́n ti ń mu ọtí, tí wọ́n ti ń gbìmọ̀."

Mo mú ìwé ìkọ̀wé kan tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, mo ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń sọ, èmi ń kọ. Ibi tó bá rọrùn, Àbẹ̀kẹ́ á gba bírò lọ́wọ́ mi. Ojú ewé tí ogun wà kò ju ìlà méjì lọ. Ti ìyàwó Ògúnlọlá gba ojú ewé mẹ́ta: ìkòkò ẹ̀wà, ìkòkò ọtí, èéfín, àwọn ọdẹ tó jókòó yí iná ká, àti ajá kan tí Àníkẹ́ sọ pé òun gbọ́dọ̀ yà. Ìyàwó náà ló wà ní iwájú ìwé, ó wé gèlè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí èmi gbọ́ ìtàn yẹn ní kékeré, kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó ń dáná fún wọn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì wọn kò ní bàjẹ́ báyìí. Kò bàjẹ́. A ti mú Àbẹ̀kẹ́ kúrò ní ilé ìwé olówó ìtanràn yẹn. Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń lọ déédéé, tó bá sì ka nǹkan tán, ó máa ń yíjú sí mi láti sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Lórí ọ̀kadà, gbogbo pátákó tó bá rí ló ń kà. Ọjọ́ tí a gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì kọjá, ó ní, "Dádì, ta ni Ládòkè?" Mo ṣàlàyé Aàrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá fún un títí a fi délé.

Ìyá wọn, tó ń ta gààrí ní Sábó, kì í sábà tètè dé, ṣùgbọ́n tó bá bá wa nídìí ìwé, òun ló ń ṣe ohùn Yánníbo. Wọn kì í gbà kí n ṣe é mọ́.

Ìwé tí a ní ti di mímọ̀ lórí báyìí, ti Ògúnlọlá sì ti ń ya létí. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ìwé ìtàn Yorùbá fún ọmọ ọdún márùn-ún, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ìbáà ṣe Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún mi. Tó bá jẹ́ èyí tí ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe nǹkan gidi, inú Àníkẹ́ á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.