Ohun tó já bọ́ láti àjà ilé ìdáná wa

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Àwọn ìbejì tó kẹ́yìn kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa ní Àpáta, ó ń bá mi wẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló máa ń wọlé. Aṣọ ni mo ń rán, pálọ̀ ni ẹ̀rọ méjèèjì wà nítorí owó ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n jù. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ibi tí ọ̀kan ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ ni èkejì á ti rántí pé òun kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, Táíwò á figbe ta, Kẹ́hìndé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, Màmá á ní ta ló sọ ìkòkò àgbo òun kalẹ̀ lórí iná.

Eku ni wàhálà wa nígbà yẹn. Wọ́n jẹ aṣọ òkè oníbàárà mi kan, gèlè rẹ̀ gan-an, mo sì san owó rẹ̀. Mo ra òògùn eku lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó máa ń fi gbohùngbohùn polówó kiri, mo tú u sẹ́yìn fíríìjì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, a ò gbúròó eku mọ́. Mo yin ọmọ náà títí, mo tún júwe oníbàárà méjì fún un.

Àfi ìró kan tó bẹ̀rẹ̀ lókè àjà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó gbọ́ ọ: ṣíììì, ṣíììì, bí ẹni ń tú afẹ́fẹ́ táyà. Ejò ni mo pè é. Mo kó àwọn ìbejì kúrò ní yàrá, gbogbo wa wá ń sùn sí pálọ̀ láàárín aṣọ gígé. Ọkọ mi ní tóun bá dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ òun á pe káfíńtà. Jímọ́ọ̀ mẹ́ta kọjá. (Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi.) Màmá ò bá mi pè é ní ejò ní tiẹ̀. Ó kàn ń fi òróró sára ẹnu ọ̀nà láràárọ̀ ni, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Túsìdeè kan, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Kò síná. Mo ń din ẹyin fún àwọn tó ń lọ sílé ìwé, iná fóònù ni mo fi ń ríran. Màmá jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó ń rọ Táíwò lágbo. Ibi tí òjò ti ń jò sí lára àjà látèṣí ló ya gbàràgàdà, nǹkan kan sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi.

Ó funfun. Ó rí bùkùbùkù bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ó dìde dúró, ó yíjú sí wa. Ojú yẹn! Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí bí ọkàn tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń yà sẹ́yìn ìwé, ẹyinjú dúdú méjì wà láàárín rẹ̀. Ó lanu: ṣíììì.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Òwìwí! Nínú ilé ọmọ mi!” Màmá tí orúnkún ń dùn, tí a máa ń fà dìde! Ó ti gbá Táíwò mọ́ra, ó ti dé ojúde, kí n tó mọ ibi tí ṣíbí ọwọ́ mi bọ́ sí. Ẹyin jóná.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi kún ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹnìkan ní ká da kẹrosíìnì sí i ká ṣáná. Ẹlòmíì ní kò gbọdọ̀ kú sọ́wọ́ wa, oríta ni ká gbé e lọ. Bàbá onílé ní abájọ tí owó ilé òun kì í tètè wọlé. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọmọ odó ti wà lọ́wọ́ èmi náà. Abiyamọ ni mí, ìbejì sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa òwìwí láti kékeré.

Àkọ́bí mi tó wà ní JSS 2 ló fà mí láṣọ. “Mọ́mì, ẹ wo nǹkan tó já bọ́ pẹ̀lú ẹ̀.” Àwọn nǹkan dúdú kan ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò, wọ́n fọ́n ká sáàárín ìdọ̀tí àjà. Ó fi igi tú ọ̀kan. Irun ni, egungun wẹ́wẹ́ ni, orí eku méjì sì wà níbẹ̀ tó mọ́ tónítóní, eyín iwájú wọn pọ́n bí ẹni jẹ obì. Ó tú gbogbo wọn. Orí eku mọ́kàndínlógún.

Gèlè aṣọ òkè yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo wá rántí ọmọkùnrin olóògùn eku tí mo ń yìn.

Àbúrò ọkọ mi kan kọ́ nípa ẹranko igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Mo pè é lórí fóònù láàárín ariwo. Ó ní òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi ni, á wá pọ irun àti egungun rẹ̀. Ó ní ṣíììì tí mò ń gbọ́ yẹn, ọmọ ẹyẹ ló ń tọrọ oúnjẹ. Etí òwìwí kan ga ju èkejì lọ nínú orí rẹ̀, òun ló fi ń mọ ibi tí eku wà gan-an nínú òkùnkùn biribiri. Ó bi mí bóyá mo ní òògùn eku nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ìyàwó wa, ẹ kó o dànù lónìí. Ẹyẹ tó bá jẹ eku tó ti jẹ òògùn lè bá a lọ.” Ó ní kí n fi aṣọ nínípọn gbé ọmọ ẹyẹ náà nítorí èékánná, kí n dá a padà sókè.

Mo gun àkàbà. Ọmọ mẹ́ta míì wà lókè níbẹ̀, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ bí àtẹ̀gùn, nítorí wọn kì í pa lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n jọ àwọn ọmọ tèmi tí wọ́n bá tò fún fọ́tò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìnkùlé láìtan iná. Ẹyẹlé tó bá fò, ẹ ó gbọ́ pàpàpà. Òwìwí ńlá kan kọjá lórí wa bí òjìji, a ò gbọ́ fìn. Eku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wọ abẹ́ páànù lọ.

Màmá kò sùn nílé wa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó dé, ó ní òun ò ní ká pa á, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àlejò lójú òun. Alaalẹ́ ló ń kọrin ẹ̀mí lábẹ́ àjà, àwọn yẹn ń gbè é: ṣíììì.

Bàbá Ìyábọ̀, Ẹ̀pẹ́:

Awọ́nríwọ́n ni tèmi. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. A ti ta tapólì, alásè ti dáná. Ìyá ìyàwó mi wọ ilé ìwẹ̀, ó bá a níbẹ̀ tó nà gbalaja, ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dùbúlẹ̀. Bí ìyá ṣe jáde, ẹ jọ̀ọ́, àna mi ni, mi ò ní ṣàlàyé. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kó igi dé. Ó fi ìrù na ọ̀kan lójúgun, ó gba àárín àwọn onílù kọjá, ó bọ́ sínú gọ́tà. Ìgbà tí a dé ibi tí adìyẹ mi ti ń sàba, ẹyin méjọ ti lọ.

Mo wá kà á pé abo rẹ̀ máa ń wú inú ọ̀gán tí ikán ṣì wà láti yé ẹyin sí, ikán fúnra wọn á dí ihò náà padà, ooru ilé wọn á sì bá a sàba. Ikán tó jẹ fèrèsé mi tán ló ń bá awọ́nríwọ́n tọ́mọ!

Àǹtí Bísí, Lọ́ńdọ̀nù:

Àlọ́ ni mo ti mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kí n tó dé ìlú yìí. Láti bí ọdún 1930 sókè ni wọ́n ti wà láàárín ilé níbí. Bàtà ilé ìwé ọmọ mi kan sọnù, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Mo bá a wí títí ó fi sunkún. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń din ata, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín má baà dún. Mo yíjú báyìí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wà nídìí síǹkì. Ó wò mí. Mo wò ó. Ó fẹyín gbé pańla kan nínú èyí tí mo rẹ, ó rìn jáde. Kò tilẹ̀ sáré!

Ní oṣù karùn-ún la rí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń ṣeré lábẹ́ ahéré onípákó ẹ̀yìn ilé. Bàtà méje ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ní ìkejì. Ti ọmọ mi ni wọ́n jẹ jù. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Tíṣà Adé, Ọ̀yọ́:

Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ ìgbẹ̀yìn. Àwọn òwìwí ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Wọ́n ti lọ, sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, èyí tó já lu ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e ni káfíńtà dé (ẹ wo àsìkò!). Ọkọ mi ní kó dí gbogbo ihò. Mo ní kó fi ti abẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé sílẹ̀. Màmá ń gbọ́, kò dá sí i. Láàárọ̀ àná, ó jáde nínú yàrá, ọṣẹ dúdú tó ń kó pamọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, eku ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó gbójú sókè wo àjà.

“Ìyàwó mi, ṣé àwọn nǹkan yẹn ò tíì ní padà wá ni?”