Àyà mi ń sáré, síbẹ̀ kò sí okun lára: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníyán Ajílósùn
Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iyán ni mò ń tà ní Adó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń rù, bẹ́ẹ̀ mò ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ooru ń mú mi nínú ọyẹ́. Bí mo bá gbé ọmọ odó sókè bí ìgbà mẹ́wàá, àyà mi á máa lù kìkì, orúnkún á máa gbọ̀n, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Níbi tí mo ti ń ra oògùn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni mi ò ní. Ìgò mẹ́ta ni mo mu, owó lásán ló lọ. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù mi, èyí tí ẹ̀yà kan níwájú ọrùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló pọ̀ jù. Ṣebí họ́mọ̀nù yìí ló ń fún ara lágbára? Kí ló wá dé tó fi ń rẹ̀ mí? Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ayé ni.

Mẹkáníìkì Ìkẹ̀rẹ́
Ìyá, ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ tí eré rẹ̀ pọ̀ jù. Ariwo ń sọ, epo ń jó, ara rẹ̀ gbóná bí iná, gílóòbù ò sì tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìfàkì
Mẹkáníìkì gbìyànjú. Ẹ jẹ́ n fi kún un. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn, àwọn ààrò kéékèèké wà tí à ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Wọ́n ń fi atẹ́gùn ọ́síjìn dáná sí ọ̀rá àti ṣúgà, ohun tí wọ́n sì ń sè ni ATP, oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. T3, èyí tó lágbára jù nínú àwọn họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù, máa ń wọlé lọ pàṣẹ pé kí ààrò pọ̀ sí i. Bó bá wá pọ̀ jù, iná ń jó fòfò, àmọ́ apá kan rẹ̀ ń di ooru lásán. Ooru tó ń mú yín nìyẹn.

Àwọn tó ń jẹ ATP náà sì ti pọ̀. Iṣan ọkàn ń fà kíákíá, ó sì ń náwó sí i. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, kalíṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú kí iṣan fà, gbọ́dọ̀ padà sínú àpò rẹ̀ kí ọkàn tó lè dẹ̀. ATP ló ń gbé e padà. Ẹ tún wo èyí: ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè bọ́ ọ dáadáa. Bó bá ń sáré, ìsinmi yẹn kúrú. Iṣẹ́ pọ̀, oúnjẹ ò tó, ohun tó fi pamọ́ ń tán lọ. Ti orúnkún, họ́mọ̀nù náà ló ń jẹ ẹran ara itan yín.

Bọ̀dá Èfọ̀n
Ẹ jẹ iyọ̀ tó ní áyódì dáadáa, gẹ̀gẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìfàkì
Rárá o! Gẹ̀gẹ̀ àtijọ́, àìtó áyódì ló sábà máa ń fà á. Áyódì ni ara fi ń ṣe họ́mọ̀nù yìí. Iyọ̀ ọbẹ̀ ò burú, àmọ́ kí wọ́n má ra kápúsù áyódì kankan.

Ọmọ Ìjerò
Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣe ọkọ mi rí. Carbimazole tó ń dín họ́mọ̀nù yìí kù àti propranolol tó ń mú kí ọkàn rọra lù ni wọ́n fún un. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àyà rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó sanra padà, ó lé ní oṣù méjì, torí T4, họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù kejì, tó ti wà lára kì í tètè tán. Ara rẹ̀ yá tán, ó dá oògùn dúró, àìsàn padà dé. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ propranolol. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn yín tí ara sì gbóná lẹ́nu carbimazole, ẹ tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìfàkì
Ẹ jókòó, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan.

Oníyán Ajílósùn
118 ni, mà. Kò sì lù déédéé, bí ẹni tó ń tiro.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìfàkì
Ẹ má dúró di Mọ́ńdè. Ìlù tó ń tiro bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Ẹ mú èsì ẹ̀jẹ̀ yẹn dání.

Oníyán Ajílósùn
Ọkọ mi ti ń gbé ọ̀kadà jáde. Ọmọ yẹn ni yóò gún iyán òní.